Ẹ Wá Àyè fún Ìtàn Mérìíyìírí Nínú Ìwé Ìròyìn Yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, nítorí pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ ni èmi ń tà. Òǹtàwé ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìsọ̀ mi kò fẹ̀ ju kí ènìyàn mẹ́ta dúró sínú rẹ̀ lọ, ìwé àlòkù ló sì pọ̀ jù nínú ọjà mi. Ohun tí ó mú mi gbé bírò lónìí ni lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́, tí mo gbà pé àgbà ni, tí ó sì fẹ́ràn ọmọ, ti rọ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọn máa ka ìwé ìtàn tó dá lórí iwin, àǹjọ̀nú, ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ àti àwọn ẹ̀dá tó ti ojú ọ̀run sọ̀kalẹ̀ wá, nítorí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, irọ́ kì í sì í fún ọmọ ní máàkì nínú ìdánwò.

Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, ṣùgbọ́n n kò lè gbà fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ Yorùbá má ka ìtàn mérìíyìírí, ìyẹn ìtàn tí iwin, òòṣà àti oògùn ti ń ṣe ohun àràmàǹdà, àfi kí ó kọ́kọ́ kó àwọn ìwé D. O. Fagunwa jáde kúrò nílé. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, iwin ló sì kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa a máa kà á sókè fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí ó bá sì ti kan ibi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún, gbogbo kíláàsì ni yóò máa bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé Agbákò fúnra rẹ̀ ti dé ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ fìdí rẹmi nínú wa. Èdè Yorùbá tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, inú ìwé yẹn ni mo ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, ṣá, Igbó Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1949 ni mo fi ṣe ààyò. Ẹni tí kò bá tíì ka ibi tí Olówó-ayé ti kojú Èṣù-kékeré-òde kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe lè gbóná tó kí ìjà gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní oníbàárà kan tó jẹ́ mẹkáníìkì, tí ó ń fi orí ka ibẹ̀ láì wo ìwé. Ìgbàkígbà tó bá dé ìsọ̀ mi, tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì, tí n kò sì fẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìwé kankan, ẹnu lásán ló fi ń sọ ọ́ fún wa, àwọn alábàágbé ìsọ̀ mi a sì pa títà tì láti wá gbọ́.

Ìwé mìíràn tí mo fẹ́ kí àgbà wa tún fi ojú inú wò ni ti Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ìgbà náà ló tijú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, wọ́n ní kò tọ̀nà, wọ́n ní yóò bà wá lórúkọ jẹ́ lójú òyìnbó. Èmi rò pé Yorùbá ló fi Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ láṣọ, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ó fi ń dùn mọ́ wa létí. Arákùnrin arẹwà kan wà nínú ìwé náà tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé láti ọjà. Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé ńṣe ni arákùnrin yìí háyà gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ó ti ń padà sínú igbó ló ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tó ni ẹsẹ̀, tí ó ń dá apá padà fún ẹni tó ni apá, tí ó sì ń sanwó háyà fún olúkúlùkù, títí tó fi ku agbárí nìkan tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lọ nínú ewé. Àlọ́ ni, ìyá àgbà mi pa á fún wa kí n tó mọ ìwé kà. Ohun tí Tutuola fi kún un ni owó háyà yẹn, ẹni tó bá sì ti gbé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí a kì í ti í yá ènìyàn ní àga fún ìnáwó láìgba nǹkan dání, yóò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti di òtítọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an wà nínú My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní ọdún 1954. Ọmọdé kan sọnù sínú igbó iwin, ó sì pàdé iwin obìnrin kan tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi ahọ́n lá egbò náà kí ó lè san. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ́ra, iwin yìí na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta, ọmọ náà sì wo inú àtẹ́lẹwọ́ náà, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Tutuola pe iwin náà ní ẹlẹ́ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tiwa ní Rẹ́mọ. Ọdún márùn-ún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni Tutuola ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ iwin. Mo ka ojú ìwé yẹn fún ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, tí ìyá rẹ̀ wà ní Kánádà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ti ń lọ. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé fóònù mi lé e, ó ní, “Bàbá, WhatsApp nìyẹn.” Irọ́ wo ló wà nínú ìyẹn?

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n fi ìyàtọ̀ kékeré kan hàn, nítorí pé àgbà wa da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú ìtàn mérìíyìírí, bí ènìyàn bá fò, òòṣà tàbí oògùn ló gbé e, kò sì sí ẹni tí yóò bi òǹkọ̀wé pé báwo. Nínú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ irú ẹ̀rọ tó gbé ẹni náà, ohun tí ẹ̀rọ náà ń lò bí epo, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí epo náà bá tán lójú ọ̀run. Àwọn òyìnbó ti ń kọ irú èyí tipẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, Mary Shelley, ló bẹ̀rẹ̀ ìwé Frankenstein tí ó jáde ní ọdún 1818, nípa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dá ẹ̀dá alààyè tán, tí ó sì sá fún ohun tí ó dá. Àwọn ọmọ tiwa tó ń kọ ọ́ nísinsìnyí kò fi odi sáàárín méjèèjì. Òòṣà àti ẹ̀rọ a máa pàdé lójú ewé kan náà, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí pé awakọ̀ tí ó bẹ Ògún ní òwúrọ̀ náà ló ń fi fóònù wá ojú ọ̀nà ní ọ̀sán.

Nípa ojú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìwé Lagoon, tí Nnedi Okorafor kọ, tí ó jáde ní ọdún 2014. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Igbo sì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó ni ó fi ìtàn náà sí. Àwọn ẹ̀dá tó ti ibòmíràn wá já sínú òkun létí Bar Beach, kàkà kí wọ́n sì kọ́kọ́ bá ààrẹ sọ̀rọ̀, ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ìwé náà kò dọ́gba. Ènìyàn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì láwọn ibi tí mo ti ṣí ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ kú láì kà. Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Benin jí dìde níbẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń rú bí omi, ó ń gbé ènìyàn mì, ó sì ti fún ara rẹ̀ ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí Akó-eegun-jọ. Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá ni mo ń sọ yìí o!

Ọmọbìnrin kan wà tí ó máa ń yà sí ìsọ̀ mi bí wọ́n bá jáde ilé ẹ̀kọ́. Kò lówó láti ra ìwé, mo sì gbà á láyè kí ó máa kà á ní ìdúró. Ìṣá ọwọ̀ ló fi ń sàmì sí ibi tó bá dé, kí ó lè bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ tí ó kan apá yẹn nínú Lagoon, òjò ń rọ̀, gbogbo wa sá wọlé, mo sì rí i pé kò ṣí ewé mọ́, ó kàn dì í mú. Mo bi í pé ṣé kò yé e ni. Ó ní ó yé òun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì ni bàbá òun ń wà lójú ọ̀nà yẹn, àti pé ìyá òun kì í sùn títí yóò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀. Àwa àgbà ti ń gbàdúrà kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọmọ yìí rí àdúrà náà nínú ìwé tí wọ́n ní irọ́ ni.

Èmi kò lè fi ìyókù ìtàn ọmọ náà pamọ́. Ó rí owó, ó ra ìwé náà ní ìdajì iye tí mo fi sí i, ó mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, olùkọ́ kan sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìwé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Nígbà tí mo lọ bá a tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jẹ́wọ́ fún mi pé èpo ẹ̀yìn nìkan ni òun rí, òun kò ka ewé kan nínú rẹ̀. Wọn kò dá ìwé náà padà títí di òní yìí. N kò bínú lórí owó; ohun tí ó dùn mí ni pé ìṣá ọwọ̀ ọmọ náà ṣì wà nínú rẹ̀.

Èyí tí mo kà sí ọ̀gá nínú gbogbo àwọn ti ìsinsìnyí ni Rosewater, ìwé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí Tade Thompson kọ. Dókítà ni ọkùnrin yìí, ọmọ Yorùbá ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ṣùgbọ́n Nàìjíríà níbí ló dàgbà sí, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, ní ọdún 2019. Ọdún 2066 ni ìtàn náà wáyé. Ohun ńlá kan tó ti inú òfuurufú wá ti fi ilẹ̀ wa ṣe ibùgbé, ó ti hu òrùlé rìbìtì kan bo ara rẹ̀ bí ìkarahun, ìlú sì ti dìde yí i ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé náà máa ń ṣí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì wo aláìsàn sàn, nítorí náà ni arọ, afọ́jú àti onírúurú aláìlera fi máa ń ya lọ síbẹ̀ bí èrò ìsọjí. Ẹni tí ó bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn ní ọjọ́ àpéjọ àdúrà yóò rí i pé òǹkọ̀wé yìí mọ irú èrò tí ó ń sọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìwòsàn náà kì í mọ ìwọ̀n. A máa tún egungun tò sí ibi tí kò yẹ, a sì máa jí òkú dìde láìdá ọkàn padà sínú rẹ̀.

Káàrọ̀, ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà, kì í ṣe ènìyàn rere. Olè ni tẹ́lẹ̀. Agbára kan wà lára rẹ̀ tí ó fi ń mọ ibi tí ènìyàn tọ́jú owó àti dúkìá sí. Àwa ìbá ní ó ríran. Thompson kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó ṣàlàyé pé ohun tíńtìntín kan bí èéhù ara búrẹ́dì ló ti ọ̀dọ̀ àlejò ojú ọ̀run náà tàn ká afẹ́fẹ́, tí ó lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo ènìyàn, tí ó sì so ọkàn wọn pọ̀. Nítorí náà, bí Káàrọ̀ bá fẹ́ dá ìríran náà dúró, kì í ṣe ètùtù ló ń ṣe, ìpara tí a fi ń wo làpálàpá ló ń fi para! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó tún ku ibì kan tí kò sí òǹtàwé tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀: ní báńkì tí Káàrọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ńṣe ni wọ́n ń sanwó fún àwọn bí tirẹ̀ kí wọ́n jókòó máa ka ìwé sókè, kí olè tó bá fẹ́ yọ́ wọ inú ọkàn oníbàárà lè bá ọ̀rọ̀ ìwé pàdé dípò nọ́ḿbà àkáǹtì. Mo gbà fún àgbà wa lórí ohun kan níbí: ìwé yìí kì í ṣe ti ọmọdé, nítorí ọ̀rọ̀ ibùsùn wà nínú rẹ̀ tí kò fi ewé bò. Èmi kì í tà á fún ẹni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù.

Fún àwọn tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù, Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, tí ó jáde ní ọdún 2018, ń tà dáadáa. Orísìírísìí òòṣà wa wà nínú rẹ̀, èdè Yorùbá sì ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi ń pe ọfọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ gidi rí lẹ́nu ọdẹ yóò mọ̀ pé ti inú ìwé yìí kò lè lé adìyẹ. Èyí tí Wole Talabi kọ ní ọdún 2023, Shigidi and the Brass Head of Obalufon, dùn ju ìyẹn lọ lẹ́nu mi: ṣìgìdì tí iṣẹ́ sú ló lọ jí orí idẹ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá sì ń ka ìròyìn kò ní bèèrè ìdí tó fi lọ.

Olóòtú, ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ gan-an ni mo kàn báyìí. Gbogbo ìwé tuntun tí mo dárúkọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ wa ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òòṣà wa àti ojú ọ̀nà wa ló wà nínú wọn, síbẹ̀ ìyá àgbà tó mọ Yorùbá kà dáadáa, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìkankan nínú wọn. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ irú rẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀dọ̀ Fagunwa ni mo ń mú un padà sí, lẹ́yìn náà Ibú Olókun ti J. O. Ogundele bí mo bá rí i rà, ó sì parí. Bí ẹni pé igbó nìkan ni iwin Yorùbá mọ̀ ọ́n gbé, tí kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tó. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè fún wa ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, àwọn ará ìdíkọ̀ ní kọ̀ǹpútà, méjèèjì ló yé wa. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn lè fi ọ̀kan sí ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ó fi èkejì sí ẹnu agbèrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí àìní ibi tí ìtàn lè ti wáyé. Erédò Ṣùngbọ́ wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, yàrà àti ògiri amọ̀ tí ó tó ọgọ́jọ kìlómítà ní gígùn, tí ó sì jìn tó ogún mítà ní ibòmíràn. Wọ́n ní ìyáàfin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Ṣùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí a má baà gbàgbé òun, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní Òkè-Ẹ̀rí títí di òní. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà náà rí. Ẹsẹ̀ mi kò dún nínú ewé tó ti jẹrà sílẹ̀, mọ́sì, ewéko tútù tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, bo ara ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run sì dà bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè orí mi. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi níbẹ̀ pé ọ̀nà ọkọ̀ àwọn tó ń ti ìràwọ̀ bọ̀ ni, n kò ní bá a jiyàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò sì ṣàjèjì sí iṣẹ́ yín. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ní obìnrin kan tí àìsàn dá gúnlẹ̀, Sẹ̀gilọlá, ló ń kọ wọ́n sí olóòtú. Olóòtú fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kó lẹ́tà náà jọ, ìwé ni wọ́n dà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ojú ewé tí ẹ ó tẹ lẹ́tà èmi yìí sí, irú rẹ̀ gan-an ni ìwé ìtàn àròsọ wa ti bẹ̀rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ ya ìdajì ojú ewé kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtàn onísáyẹ́ǹsì tàbí ti mérìíyìírí ní ojúlówó Yorùbá, kí ẹ sì ké sí àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ní ẹ̀kọ́ ìwà rere ní ìparí gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fi ènìyàn sí ibi tí yóò ti máa ronú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ fi ẹ̀dà ogún kún èyí tí fẹ́ńdọ̀ yín ń já fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ń sanwó rẹ̀ ṣíwájú. Ọ̀kan nínú wọn yóò máa dúró de ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìṣá ọwọ̀ tuntun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Bàbá Oníwèé,
Ìjẹ̀bú-Òde.